Ìlù Tó Wà Nísàlẹ̀ Ariwo

Ẹ̀yin ìyálọ́jà tó ń palẹ̀ mọ́ ní Ọjà Ọba níbí, ẹ kú ọrọ̀ ajé, ajé á wọgbá. Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì ní Ugbowo, ẹ kú ìwé. Ẹ̀yin onímọ́tò tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá dúró ní Ring Road, ẹ fara balẹ̀, ẹ máa gbọ́ wa lọ. Ẹ̀yin ará Akoko-Ẹdó tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, a rí yín, a kí yín. Gbogbo Yorùbá tó fi Ìlú Bìní ṣe ilé, ẹ káàbọ̀ sórí ètò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yìí.

Orin la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe jùjú. Kì í ṣe fújì. Kì í sì í ṣe háíláìfù tí ìlú yìí fi lórúkọ. Orin kan ni tó jẹ́ pé bí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá, bàbá á pariwo láti pálọ̀ pé ta ló ń lagi nínú ilé òun. Bàbá ò sì jẹ̀bi. Jìtá inú orin náà ń bú bí ẹ̀rọ ìlagi. Olórin ń bú ramúramù. Ìlù ń rọ́ lura wọn.

Mẹ́tálì ni wọ́n ń pè é. Èyí tó le jù nínú rẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní extreme metal.

Àwo kan la fẹ́ yìn lónìí. Roots ni orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Sepultura, láti orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, ló gbé e jáde ní oṣù kejì ọdún 1996. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní í sọ nípa rẹ̀, a ó sì máa tún un sọ nítorí àwọn tó ń dé lẹ́yìn. Òun nìyí: ẹ wá ìlù lọ ná. Bí ariwo bá bo yín lójú, ẹ má sá. Ẹ wá ìlù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìlù náà ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà sí ẹkùn wa yìí.

Ẹnìkan lè bi wá pé, “Kí ló kan Bìní nínú ariwo àwọn ará Bràsíìlì?” Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró nílé ná.

Ìlú tí Sir Victor Uwaifo ti jáde ò lè sọ pé òun ò mọ jìtá. Ta ni kò mọ “Joromi” níbí? Ta ni kò mọ “Guitar Boy” tó jáde ní 1966, orin tó sọ ti mámíwọ́tà? Orin yẹn lókìkí débi pé nígbà tí àwọn ọmọ ogun kan ní Gánà gbìmọ̀ láti gbàjọba ní 1967, Guitar Boy ni wọ́n fi pe ète wọn. Ète náà forí ṣánpọ́n. Orúkọ yẹn ò kúrò nínú ìtàn Gánà títí dòní.

Uwaifo ò mọ sórí ìka ọwọ́. Bó bá dójú agbo, ó lè fi ẹsẹ̀ ta jìtá, ó lè fi ahọ́n ta á. Ó ní jìtá ọlọ́rùn méjì tó ní okùn méjìdínlógún. Àmọ́ ohun tó ṣe tó kàn wá lónìí ju ìdán lọ. Ó mú Ekassa, ijó tí Bìní ń jó nígbà tí wọ́n bá ń fi Ọba tuntun jẹ, ó gbé e sórí jìtá oníná. Ìlù ààfin wọ inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Jìtá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ìlù ń sọ. Àwọn ọ̀dọ́ jó o ní ilé fàájì láti Bìní títí dé Èkó. Nígbà tí bàbá náà kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, kò sí ẹni tó lè sọ pé jìtá jẹ́ ohun òyìnbó nìkan mọ́.

Ẹ mú ìyẹn dání. Ohun tí Uwaifo ṣe sí Ekassa, Sepultura ṣe irú rẹ̀ sí ìlù Bahia ní Bràsíìlì. Wọ́n kàn ṣe tiwọn pẹ̀lú ariwo tó lè jí òkú ni.

Níbo ni ariwo náà ti wá? Láti Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú ilé iṣẹ́ irin ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tony Iommi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí ẹ̀rọ fi gé orí ìka rẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tó ń da idẹ ní Igun Street, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ irin kì í bá ìka ṣeré. Iommi ò fi jìtá sílẹ̀. Ó fi ike ṣe fìlà fún àwọn ìka náà. Ó wá okùn tó fẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, ó dẹ okùn náà kí ó má baà máa dun òun. Bí okùn ṣe dẹ̀, ohùn jìtá rẹ̀ wálẹ̀, ó wúwo. Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Black Sabbath. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1970. Láti ibẹ̀ ni mẹ́tálì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, tí àwọn ọmọ náà sì ń sọ pé èyí tí bàbá ṣe ò tíì le tó.

Àwa náà ò kẹ́yìn. Ní 1973, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta gbé àwo Chapter One jáde ní Èkó. Berkley Jones ló ń ta jìtá, Laolu Akins ló ń lu ìlù, Mike Odumosu ló ń ta jìtá ohùn ìsàlẹ̀. Wọ́n pe ara wọn ní BLO. Ẹ wá àwo yẹn gbọ́. Jìtá Jones ń ké, ó ń wúwo, ìlù Akins sì ń rìn nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ọmọ ilé. Kò tíì di mẹ́tálì. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá kọjá òkun.

Ní Belo Horizonte, ìlú kan ní gúúsù ìlà oòrùn Bràsíìlì, àwọn ọmọ ìyá méjì wà: Max àti Igor Cavalera. Bàbá wọn kú nígbà tí wọ́n ṣì kéré, nǹkan sì le fún ilé wọn. Orin ni wọ́n sá di. Max mú jìtá, Igor jókòó sídìí ìlù. Ní 1984 wọ́n dá Sepultura sílẹ̀. Nígbà tó yá, Andreas Kisser wá ń ta jìtá pẹ̀lú wọn, Paulo Jr. sì wà nídìí jìtá ohùn ìsàlẹ̀. Ìtàgé kéékèèké ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ilé ìtajà àwo kan ní Belo Horizonte, Cogumelo, ló sì gbé iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1985.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, eré àfarawé ni. Ẹ ò lè bú wọn, ọmọdé ni wọ́n. Ohun tí ẹgbẹ́ Venom ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ṣe, àwọn náà á ṣe é: ọ̀rọ̀ Sátánì, ọ̀rọ̀ ibojì, ìbẹ̀rù lásán. Wọ́n ń sáré lórí ìlù bí ẹni tí ajá ń lé. Eré yẹn sọ wọ́n di olókìkí. Nígbà tó fi máa di 1991 tí àwo Arise jáde, wọ́n ti dé gbogbo ayé.

Kí ni ẹgbẹ́ tó ti lókìkí báyìí ń wá? Púpọ̀ nínú wọn á máa ta ọjà kan náà lọ. Sepultura ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ohùn wo ló jẹ́ tiwọn nínú gbogbo ariwo yìí. Lórí Chaos A.D. ní 1993, ẹ lè gbọ́ ìdáhùn díẹ̀: orin kan wà níbẹ̀, “Kaiowas”, tí kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu rárá, ìlù àti jìtá tí kò lo iná ni. Ìdáhùn náà wá jáde kedere ní 1996. Roots nìyẹn.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ káàbọ̀. Àwo Roots ti Sepultura là ń yìn. A ní kí ẹ wá ìlù tó wà nísàlẹ̀ ariwo.

Bí ẹ bá tẹ orin àkọ́kọ́, “Roots Bloody Roots”, jìtá á kọ́kọ́ bú. Ó wúwo gan-an, torí wọ́n ti dẹ okùn rẹ̀ wálẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣé ẹ rántí okùn méjìdínlógún Uwaifo? Okùn mẹ́rin péré ni Max fi ń ta jìtá tirẹ̀. Ó yọ méjì tó kéré jù kúrò, ó ní òun ò nílò wọn. Uwaifo á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí okùn mẹ́rin yẹn fàyè sílẹ̀ fún. Wọn ò fi ohùn kún gbogbo ibi. Wọ́n fàyè gba ìlù. Igor ò sáré mọ́. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ń na àwọn ìlù ńláńlá tó wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ kan ń béèrè, ọwọ́ kejì ń dáhùn. Ẹni tó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń lu bàtá rí, ara rẹ̀ á mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí etí rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Salvador, olú ìlú Bahia, ni wọ́n ti ya fídíò orin náà. Wọ́n kó àwọn oníjà capoeira sínú rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ Bahia?

Ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn. Láti Èkó, láti Ouidah, ọkọ̀ ojú omi kó àwọn èèyàn wa lọ síbẹ̀ lẹ́rú. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé dàrú, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ kan, wọ́n pọ̀ sí i níbẹ̀. Wọn ò lè gbé ilé lọ. Wọn ò lè gbé oko lọ. Wọ́n gbé Ṣàngó, Ògún, Ọ̀ṣun àti Yemọja lọ, wọ́n sì gbé ìlù tí wọ́n fi ń pè wọ́n. Ìlù mẹ́ta ni ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn níbẹ̀, ń lò títí dòní, agogo sì wà pẹ̀lú wọn, agogo kan náà tí ẹ mọ̀. Nígbà tí àwọn adúláwọ̀ Salvador dá ẹgbẹ́ ijó Carnival tiwọn sílẹ̀ ní 1974, Ilê Aiyê ni wọ́n sọ ọ́. Ilé Ayé. Ẹ ò nílò ògbufọ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn tó tẹ̀ lé e ní 1979 ń jẹ́ Olodum, àgékúrú Olódùmarè.

Ká má tan ara wa jẹ o. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló dé Bahia. Àwọn tí wọ́n kó láti Angola àti Kóńgò pọ̀ níbẹ̀, àwọn ló ni berimbau, ọrun olókùn kan tí ẹ ó gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ orin “Attitude” nínú àwo yìí. Àwọn Fọ̀n wà níbẹ̀. Ìlù Bahia ti di àdàpọ̀. Ẹni tó bá ní kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ tiwa ń jẹ àjẹjù. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní kò sí tiwa níbẹ̀, etí rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìyá àwọn Cavalera fúnra rẹ̀ sún mọ́ Candomblé. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan àwo tuntun, àwọn ọmọ náà mọ ẹni tí wọ́n máa pè. Carlinhos Brown ni wọ́n pè. Ọmọ àdúgbò Candeal ní Salvador ni, onílù tó mọ ọwọ́ ilé Candomblé àti ọwọ́ Carnival, òun ló dá ẹgbẹ́ onílù Timbalada sílẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó. Àwọn onímẹ́tálì onírun gígùn wà ní sítúdíò Indigo Ranch, ní Malibu, California. Ross Robinson ló ń darí iṣẹ́ náà. Brown wọlé pẹ̀lú ìlù lóríṣiríṣi.

“Ratamahatta” ni wọ́n jọ ṣe. Òun ni ọkàn àwo yìí, a ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Brown ló ń lùlù, ló sì ń kọrin pẹ̀lú Max. Èdè Potogí ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àdúgbò àwọn tálákà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì dárúkọ Zumbi, aṣáájú àwọn ẹrú tó sá kúrò lóko olówó wọn tí wọ́n dá ìlú Palmares sílẹ̀, tí àwọn Potogí pa ní 1695. Ìlù ló bẹ̀rẹ̀ orin náà. Jìtá dé lẹ́yìn, bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn. Ẹ bi ara yín léèrè bí ẹ bá ń gbọ́ ọ: bí wọ́n bá yọ jìtá kúrò, ṣé orin ṣì wà níbẹ̀? Ó wà. Bí wọ́n bá yọ ìlù kúrò ńkọ́? Kò sí nǹkan kan mọ́.

Orin kan tún wà tí kò fara jọ mẹ́tálì rárá, “Itsári”. Kí wọ́n tó parí àwo náà, ẹgbẹ́ yìí wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí abúlé àwọn Xavante ní Mato Grosso. Àwọn onílẹ̀ Bràsíìlì ni wọ́n, tí wọ́n wà níbẹ̀ kí Potogí tó dé, kí ẹrú tó dé. Wọ́n jókòó pẹ̀lú wọn, wọ́n gba àwọ̀ sí ara, wọ́n gba ohùn orin ìwòsàn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú jìtá tí kò lo iná. Kò sí ẹni tó pariwo. Àwọn Xavante ló ṣíwájú, Sepultura ló ń tẹ̀ lé. Ẹ wo àwòrán iwájú àwo náà pẹ̀lú. Michael Whelan ló kùn ún, ojú onílẹ̀ Karajá kan tó wà lórí owó bébà Bràsíìlì àtijọ́ ló sì gbé síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó kan Bìní gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀yin àgbẹ̀ rọ́bà, ẹ̀yin ará Iyanomo tó wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí rọ́bà, ẹ̀yin tí bàbá yín jí ní òwúrọ̀ kùtù lọ kọ igi rọ́bà kí oje rẹ̀ tó dá, ẹ tẹ́tí. Ibo ni igi yẹn ti wá? Láti igbó Amazon ní Bràsíìlì. Òyìnbó ló kó irúgbìn rẹ̀ jáde níbẹ̀ ní 1876, láti ibẹ̀ ló ti tàn ká ayé títí ó fi dé ilẹ̀ Ẹdó. Nínú igbó Amazon yẹn, ọkùnrin kan wà tó ń kọ igi rọ́bà láti kékeré. Chico Mendes lorúkọ rẹ̀. Ó kó àwọn akọ̀rọ́bà jọ, ó ní àwọn olówó ò gbọdọ̀ gé igbó lulẹ̀ torí màlúù. Wọ́n yìnbọn pa á lẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1988.

Orin “Ambush” nínú àwo yìí, orí Mendes ló dá lé. Ta ló máa rò pé orin tó le tó báyìí á dúró ṣọ̀fọ̀ akọ̀rọ́bà? Ìlù gba àárín orin náà kan, jìtá dákẹ́ fún un. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá tó ti kọ igi rí, ẹ pè é kó wá gbọ́. Ẹ ṣàlàyé fún un kí ó tó ní kí ẹ pa á.

Orin mìíràn dá lórí àwọn ológun tó gbàjọba ní Bràsíìlì ní 1964. Àwa ò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Oṣù tí àwo yìí jáde, Abacha ló wà lórí oyè ní Nàìjíríà.

Ẹ ṣì wà pẹ̀lú wa? Roots ni àwo náà, Sepultura ni ẹgbẹ́ náà. Ìlù ni ká wá lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi tó ń lé èèyàn sá jù: ohùn. Kí ló dé tí ọkùnrin yìí ń bú báyìí? Ṣé kò lè kọrin bí èèyàn ni?

Ẹ dá wa lóhùn. Ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn egúngún rí? Nígbà tí ará ọ̀run bá jáde nínú ìgbàlẹ̀, tó ń kí àwọn ìyàwó ilé, tó ń súre fún ọmọ, ṣé ohùn tí a fi ń rajà ló ń lò? Rárá o. Ohùn náà há, ó jinlẹ̀, ó le. Ọmọdé á sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àgbàlagbà á kúnlẹ̀, á sì gba àdúrà. Kò sí ẹni tó ní kó kọrin bí Sunny Adé. Ohùn yẹn ń sọ fún wa pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti kúrò ní ipò ojoojúmọ́. Max Cavalera ò mọ ìgbàlẹ̀, a ò sọ pé ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí à ń sọ ni pé etí wa ti mọ ohùn líle tipẹ́, a sì ti mọ̀ pé ohùn líle lè ru àdúrà.

Ọ̀rọ̀ àdúrà dé. Bìní kún fún ṣọ́ọ̀ṣì, a sì mọ̀ pé àwọn kan ti ń gbọ́ wa báyìí tí wọ́n ń ṣe àmì àgbélébùú. “Orin Èṣù ni!” Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Nígbà èwe wọn, Sepultura kọ ọ̀rọ̀ Sátánì. Ó wà lórí àwo wọn àkọ́kọ́, ẹ ò ní í fi wá pe òpùrọ́. Àmọ́ kò sí i lórí Roots. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéraga ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n pa. Ẹgbẹ́ kan wà ní Rio de Janeiro, Gangrena Gasosa, tó tiẹ̀ ń wọṣọ bí àwọn ẹ̀mí inú ẹ̀sìn Umbanda lórí ìtàgé, tó ń fi ìlù ilé òrìṣà lu mẹ́tálì. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni. Ẹni tó bá fẹ́ jà lórí rẹ̀, kó wá bá wa lọ́jọ́ tí a bá sọ tiwọn.

Ṣé àwo yìí ò ní àbùkù ni? Ó ní i. Ó gùn. Àwọn orin kan wà ní ìdajì kejì tó jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ wọ́n dáadáa á rò pé ẹyọ kan ló ń tún ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n pe àwọn àlejò láti Amẹ́ríkà sí orin “Lookaway”, orin náà ò sì bá ìyókù jókòó pọ̀, ó dà bí ẹni tó ṣìlẹ̀kùn. Ní ìparí pátápátá, wọ́n jáde síta sítúdíò, wọ́n wọ àfonífojì tó wà níbẹ̀, wọ́n ń lu ìlù lọ láìsí ọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kó tó tán. Àwọn kan ní àṣejù ni. Àwa ní tiwa fẹ́ràn rẹ̀, torí ibẹ̀ ni jìtá ti gbà pé ó ti rẹ òun.

Àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ náà bínú. Wọ́n ní eré dà, wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn ti lọ́ra. Ó sì ṣeni láàánú pé àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ò pẹ́ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1996, Dana Wells, ọmọ tí ìyàwó Max bí kó tó fẹ́ ẹ, kú. Òun ló bá wọn kọ ọ̀rọ̀ orin “Attitude”. Ìyàwó Max yìí náà ló ń bójú tó iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà. Àríyànjiyàn lórí bóyá kó máa bá a lọ ló fọ́ wọn. Kí ọdún náà tó parí, Max ti lọ. Derrick Green, adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà, ló gba ipò rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ọmọ ìyá méjì yìí lò láìbára wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, kí wọ́n tó tún jọ kọrin. Ní 2016, wọ́n gbé Roots sórí ìtàgé, láti orin àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, fún ogún ọdún rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń béèrè bóyá irú rẹ̀ wà nítòsí, ó wà. Ẹ ò nílò físà Bràsíìlì. Ẹ wọkọ̀, ẹ gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, ẹ la Kútọnu já, ẹ dé Lomé ní Tógò. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Arka'n Asrafokor. Rock Ahavi ló ṣaájú wọn, láti 2010 ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ìlù Ewe ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, jìtá mẹ́tálì wà lókè rẹ̀. Wọ́n ń kọrin ní Ewe, ní Faransé, ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń bú, wọ́n ń ráàpù, wọ́n ń ki àwọn baba ńlá wọn. Àwo Za Keli jáde ní 2019, Dzikkuh tẹ̀ lé e ní 2024.

Bí ẹ bá gbọ́ Roots tán kí ẹ tó gbọ́ Za Keli, ẹ ó rí ìyàtọ̀ kan. Sepultura ní láti lọ wá ìlù. Wọ́n rìnrìn àjò lọ sí abúlé, wọ́n ránṣẹ́ pe Brown. Àwọn ará Lomé ò wá ìlù lọ síbì kankan. Ó wà nínú ilé, wọ́n bí wọn sí i. Ìdí nìyẹn tí orin tiwọn fi rọ̀ ní ẹsẹ̀ ju ti Sepultura lọ. Èèyàn lè jó o. Ti àwọn ará Bràsíìlì ṣì wúwo jù, ó sì ní ìbínú tí a ò gbọ́ níbòmíràn. Bí wọ́n bá ní ká mú ọ̀kan, Roots la ó mú. Bí wọ́n bá ní kí ijó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé Za Keli wá.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí, kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí orin àkọ́kọ́. “Itsári” ni kó kọ́kọ́ gbọ́, torí ó tutù. Lẹ́yìn rẹ̀, “Ratamahatta”. Lẹ́yìn ìyẹn, “Ambush”, pẹ̀lú Chico Mendes lọ́kàn. Ìgbà náà ni kó wá padà sí “Roots Bloody Roots”. Ẹ fi íápíìsì gbọ́ ọ bí àwọn àgbà bá wà nílé. Ẹ má sì tú ohùn rẹ̀ sílẹ̀ jù nínú mọ́tò, pàápàá ẹ̀yin tó ṣì wà ní Ring Road.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ilé la ó jókòó sí pátápátá: Osayomore Joseph, ọmọ Ẹdó tó gbé fèrè wọ inú háíláìfù. Ẹ tọ́jú rédíò yín.